Ẹ̀dá-ìtàn àyálò nínú ìtàn àjọkọ: èwo nínú ìtumọ̀ agbára àti àìlera rẹ̀ ni kí ẹ mú?

Ká ní ẹ̀yin mẹ́rin ni ẹ jọ ń kọ ìtàn mérìíyìírí kan, tí ẹnìkan nínú yín sì mú Dracula, òkú amùjẹ̀ tó gbajúmọ̀ nínú ìwé àti fíìmù, wọ inú rẹ̀. Nígbà tó di orí kẹta, ẹlòmíràn kọ ọ́ pé oòrùn yọ, Dracula sì di eérú. Ẹni tó mú un wá fárígá. Ó ní nínú ìwé tí òun kà, ọ̀sán ni Dracula ń rìn ní ìgboro London, nǹkan kan kò sì ṣe é. Ẹni tó fi oòrùn pa á náà kò gbà, torí nínú gbogbo fíìmù tí òun ti wò, oòrùn ni òpin irú wọn. Kò sí ẹni tó parọ́ nínú àwọn méjèèjì. Orúkọ kan náà ni wọ́n yá, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti yá a.

Ìfiwéra yìí wà fún ẹni tó fẹ́ yan kí ìjà tó dé. Mo gbé ìtumọ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, mo sì sọ èyí tí mo fara mọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fi ń dá wọn lẹ́jọ́: ṣé àwọn tí ẹ jọ ń kọ ìtàn náà á rí nǹkan dì mú nínú rẹ̀? Agbára tí kò jẹ́ kí ẹ̀dá-ìtàn ẹlòmíràn rí nǹkan ṣe, bó ti wù kó bá ìwé àkọ́kọ́ mu tó, ẹrù ni nínú ìtàn àjọkọ. Àìlera tí ẹni tó mú ẹ̀dá náà wá nìkan mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó náà, ẹrù ni.

Dracula ti inú ìwé, Dracula ti inú sinimá

Ọdún 1897 ni ìwé Dracula tí Bram Stoker kọ jáde. Nínú rẹ̀, oòrùn kì í pa Dracula. Idán ni ọ̀sán ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀: kò lè pa ara dà bó ṣe wù ú mọ́, ó di ìgbà tí oòrùn bá ń yọ, ọ̀sán gangan, tàbí ìgbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Ikú oòrùn tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí, inú fíìmù Nosferatu tí àwọn ará Jámánì ṣe lọ́dún 1922 ló ti wá. Wọn kò gbàṣẹ kí wọ́n tó lo ìtàn Stoker. Wọ́n kàn yí orúkọ padà, wọ́n pe òkú amùjẹ̀ náà ní Orlok. Opó Stoker gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì pàṣẹ lọ́dún 1925 pé kí wọ́n run gbogbo ẹ̀dà fíìmù náà. Àwọn ẹ̀dà kan bọ́. Ẹ wá wò ó: ẹni tó yá ẹ̀dá-ìtàn láìgbàṣẹ, tó tún yí ibi tó kù sí, ìyẹn àìlera rẹ̀, padà, ni tirẹ̀ wá gbajúmọ̀ ju ti ẹni tó ni ín lọ. Kí ẹni tó bá ń jà pé ìwé àkọ́kọ́ nìkan ló tọ̀nà máa rántí ìyẹn.

| | Ti ìwé, 1897 | Ti sinimá, láti 1922 |
|---|---|---|
| Oòrùn | Ó ń rìn lọ́sàn-án, àmọ́ idán rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ bíi ti òru | Ó ń pa á |
| Wíwọ ilé | Ní ìgbà àkọ́kọ́, ó di pé ẹnìkan nínú ilé pè é. Lẹ́yìn náà, kò nílò ìpè mọ́ | Ó yàtọ̀ láti fíìmù kan sí òmíràn |
| Omi tó ń ṣàn | Kò lè sọdá rẹ̀ fúnra rẹ̀ àfi nígbà tí omi bá kún dé òkè tàbí tó bá dúró jẹ́ẹ́ | Wọn kì í sábà rántí rẹ̀ |
| Ibùsùn | Erùpẹ̀ ìlú rẹ̀. Àpótí 50 ló kó lọ sí England | Pósí |
| Ikú | Ọ̀bẹ méjì, ọ̀kan ní ọ̀fun, èkejì ní ọkàn, bí oòrùn ṣe ń wọ̀ | Oòrùn, tàbí igi tí wọ́n kàn mọ́ ọn láyà |

Ẹ tẹjú mọ́ ti ìwé dáadáa. Agbára ogún ọkùnrin ló wà lọ́wọ́ Dracula níbẹ̀, ó ń pàṣẹ fún ìkookò àti eku, ó lè di ìkùukùu. Síbẹ̀, ibi tí ènìyàn lè gbà mú un pọ̀ lọ jàra. Ẹnìkan lè kọ ìtàn ìyá arúgbó tó kọ̀ láti sọ pé "máa wọlé." Ẹlòmíràn lè gbájú mọ́ àwọn àpótí: níbo ni wọ́n wà, ta ló rù wọ́n dé ibẹ̀, mélòó ló kù? Ohun tí àwọn tó ń lépa rẹ̀ ṣe nínú ìwé náà nìyẹn, wọ́n ń wá àpótí kiri London, wọ́n sì ń bà á jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku ẹyọ kan. Ẹnì kẹta lè máa ṣọ́ ìgbà tí omi ń kún àti ìgbà tó ń fà. Kò sí èyí tó dí èkejì lọ́wọ́ nínú wọn.

Ti sinimá kò rí bẹ́ẹ̀. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé igi wà, oòrùn ni gbogbo ènìyàn ń lò, wákàtí kan ló ní, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ kọ "ilẹ̀ mọ́" ti parí ìtàn fún gbogbo yín. Ìyẹn dára fún ìtàn kúkúrú tí ẹ fẹ́ kọ tán lálẹ́ ọjọ́ kan, tó jẹ́ pé eré àsákú kí ilẹ̀ tó mọ́ ni gbogbo adùn rẹ̀. Fún ìtàn tó máa pẹ́, tí ọwọ́ púpọ̀ máa wọ̀, ti ìwé ni mo yàn, mi ò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣé ẹ lè pa méjèèjì pọ̀? Ẹ lè ṣe é, àmọ́ ẹ ṣọ́ ẹni tó ń pa á pọ̀. Á mú ìrìn ọ̀sán nínú ìwé, á mú wíwọlé láìgba ìpè nínú fíìmù kan, á mú fífò nínú òmíràn. Tí ẹ bá wá béèrè ibi tó kù sí, á ní fíìmù kejì kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìlànà tó ń bá mi lára mu ni pé ẹni tó bá mú agbára nínú ẹ̀dà kan gbọ́dọ̀ mú àìlera tó bá a rìn nínú ẹ̀dà yẹn náà. Bó bá fẹ́ kí Dracula rẹ̀ máa rìn lọ́sàn-án, kó gbà pé ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí títí wọn yóò fi pè é.

Gìgísẹ̀ Achilles tàbí ìbínú rẹ̀

Bí ẹ bá béèrè ibi tí Achilles, jagunjagun inú ìtàn àtijọ́ Gíríìkì, kù sí, gìgísẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ẹ ka Iliad ti Homer látòkè délẹ̀, ẹ kò ní rí ibi tó ti sọ pé ọ̀kọ̀ kì í wọ Achilles lára. Ní ìwé kọkànlélógún gan-an, Asteropaeus, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀tá rẹ̀, ju ọ̀kọ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ba asà, èkejì ha Achilles lápá ọ̀tún, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn. Ìtàn pé ìyá rẹ̀ rì í bọ odò Styx kí ara rẹ̀ lè le, tí kò sì rì í tán, ọwọ́ Statius, akéwì ará Róòmù, ló ti fara hàn ní ọ̀rúndún kìíní Sànmánì Kristi. Ọ̀rọ̀ gìgísẹ̀ tẹ̀ lé e: ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ dì mú, omi kò sì dé ibẹ̀.

Ìbínú ló ń ba Achilles ti Homer jẹ́. Agamemnon, olórí ogun wọn, gba Briseis, ẹrúbìnrin tó jẹ́ èrè ogun rẹ̀, lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ọmọ ogun, Achilles sì jókòó sínú àgọ́, ó ní òun ò jà mọ́. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ń kú lójú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Patroclus gbé ìhámọ́ra rẹ̀ wọ̀, ó lọ sójú ogun, ó sì kú síbẹ̀.

Tí ẹ bá wá fẹ́ yá Achilles, ọ̀kan nínú méjèèjì lẹ máa fi ṣe òpó. Gìgísẹ̀ rọrùn. Gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n, kò gba àlàyé, ẹni tó bá sì ní ọfà lè lò ó. Ibi tó ti ń dunni ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ṣeé lò. Títí ọjọ́ tí ọfà yẹn máa bà á, Achilles kò ní ohunkóhun tó lè dá a dúró, àwọn ẹ̀dá-ìtàn yòókù á kàn máa dúró wò ó ni. Ọjọ́ tó bá sì bà á, ó tán. Orí mẹ́wàá tí kò sí ewu, orí kan tí gbogbo ewu wà: ta ló fẹ́ kọ èyí tó wà láàárín?

Ìbínú ṣeé lò lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹnìkan á mú un bínú, ẹnìkan á lọ bẹ̀ ẹ́, ẹlòmíràn á kú nítorí pé kò dìde. Ẹ rí i pé iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, òǹkọ̀wé mẹ́ta ló lè pín in ṣe. Agbára rẹ̀ kò dín kù rárá lójú ogun. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kò sí lójú ogun.

Àmọ́ mi ò ní tan yín: àìlera ọkàn ní ìṣòro tirẹ̀, òun ló sì máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù láàárín àwọn tó ń jọ kọ̀wé. Ọfà tó bà, ó ti bà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bú Achilles, ẹni tó mú un wá lè dáhùn pé, "Kò bínú, ó rẹ́rìn-ín ni." Lẹ́ẹ̀kan, a lè gbà. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀dá yẹn ò ní àìlera kankan mọ́, ẹnu lásán ló kù. Nítorí náà, bí ẹ bá mú ti ọkàn, ẹ kọ ohun tó ń ta á jí sílẹ̀ láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú, kí ẹ sì kọ ohun tó máa ń ná an. Bí àpẹẹrẹ: *tí ẹnikẹ́ni bá gba ohun ọlá lọ́wọ́ rẹ̀ lójú àwùjọ, yóò fi iṣẹ́ tó ń ṣe sílẹ̀, kò sì ní padà sí i kí orí kan tó parí.* Ìlà yẹn ti tó. "Ó máa ń tètè bínú" kò tó, torí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó parí.

Tí àwọn tí ẹ jọ ń kọ̀wé kò bá tíì mọ ara yín dáadáa, ẹ mú ti ara. Ó ṣeé fojú rí, kò sì gba àríyànjiyàn. Tí ẹ bá ti jọ ń kọ̀wé pẹ́, tí ẹ sì mọ̀ pé ẹnìkejì yín kì í sá fún àdánù, ti ọkàn dùn ju ti ara lọ jìnnà.

Bí agbára bá ti pọ̀ jù, ẹ fi àìlera kún un ni, àbí ẹ dín in kù?

Superman, akọni inú ìwé ìtàn aláwòrán, tó jáde lọ́dún 1938 kì í fò lójú ọ̀run. Ó ń bẹ́ ni, bíbẹ́ rẹ̀ kan sì jẹ́ ìdá mẹ́jọ máìlì, ìyẹn bíi 200 mítà. Ìtàn náà sọ pé ohun tó kéré sí àgbá ọta tó bú gbàù kò lè dá awọ rẹ̀ lu. Ìyẹn ni pé àgbá ọta lè dá a lu. Nígbà tó yá, wọ́n fún un ní fífò, agbára rẹ̀ sì ń ròkè títí ọ̀rọ̀ fi di pé kí ni yóò wá mú un. Wọ́n wá ṣẹ̀dá òkúta kryptonite, tó ń sọ ọ́ di aláìlera. Orí rédíò ló ti kọ́kọ́ jáde, lọ́dún 1943. Ó di 1949 kó tó wọ ìwé ìtàn aláwòrán.

Ọ̀nà méjì ló wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá ń yá irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀. Ó lè mú agbára tó kún dẹ́nu, kó sì fi òkúta náà tì í. Ó sì lè padà sí èyí tó ń bẹ́, tí kò nílò òkúta kankan. Èmi á dín agbára kù. Òkúta máa ń ba ìtàn àjọkọ jẹ́ lọ́nà kan: bí ẹ bá ti gbé e wọlé, gbogbo ọ̀tá ló máa ní in lápò. Olè ọjà á ní in, ọmọdé á ṣàgbákò rẹ̀ lójú títì, torí kò sí nǹkan mìíràn tí àwọn òǹkọ̀wé yòókù lè fi kan ẹ̀dá yẹn. Èyí tó ń bẹ́ ń dé ibì kan, kì í sì í dé ibòmíràn. Bí ìlú méjì bá ń jóná lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ló lè bá. Ìyẹn náà àìlera ni, kò sì sẹ́ni tó gbé òkúta lọ́wọ́.

(Àìlera àdàbọwọ́ tó ṣe mí ní kàyéfì jù ni ti Green Lantern, akọni mìíràn inú ìwé ìtàn aláwòrán. Èyí tó jáde lọ́dún 1940, igi ni kò lè borí. Èyí tó jáde lọ́dún 1959, ohun tó bá ti ní àwọ̀ ìyeyè ni. Ẹ fún ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé aláwàdà ní ìkejì yẹn, kò ní pẹ́ tí gbogbo ìlú inú ìtàn yín á fi di àwọ̀ ìyeyè.)

Àwọn kan á ní kò sí ohun tó burú nínú ẹ̀dá tó mọ gbogbo nǹkan ṣe. Paula Smith ti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọdún 1973, pẹ̀lú ìtàn kékeré kan nípa ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ààbọ̀ tó mọ iṣẹ́ gbogbo ènìyàn inú ọkọ̀ òfurufú eré Star Trek ju àwọn fúnra wọn lọ. Mary Sue ni wọ́n ń pè é. Orúkọ yẹn ni wọ́n ṣì fi ń pe irú ẹ̀dá-ìtàn bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀

Nínú eré Dungeons & Dragons tó jáde lọ́dún 1974, dáìsì ojú mẹ́fà mẹ́ta ni wọ́n fi ń mọ agbára ẹ̀dá: 3 ló kéré jù, 18 ló ga jù. Ohun tó dùn nínú nọ́ńbà ni pé kì í ṣojúsàájú. Ẹni méjì tí wọn ò mọ ara wọn rí lè fi í parí ìjà láàárín ìṣẹ́jú kan.

Fún ẹ̀dá tí ẹ fúnra yín dá, ó dára. Fún èyí tí ẹ yá, wàhálà wà níbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó kọ nọ́ńbà sínú ìwé tí ẹ ti yá a. Ẹ̀yin lẹ máa ṣe ògbufọ̀, ibi ìjà á sì kàn ṣípò padà ni. Kódà "agbára ogún ọkùnrin" tó wà nínú ìwé Stoker, tó jọ nọ́ńbà, kì í ṣe nọ́ńbà. Ẹni tó sọ ọ́ fẹ́ dẹ́rù ba àwọn tó ń gbọ́ ọ ni. Bí ẹ bá jókòó tí ẹ ń ṣírò ohun tí ogún ọkùnrin lè gbé, ẹ ti kúrò nínú ìtàn.

Ọ̀rọ̀ ni mo máa ń gbà níyànjú, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó ní ààlà. Ìlà mẹ́ta péré ti tó: ohun tó ń ṣe láìlàágùn, ohun tó lè ṣe àmọ́ tó máa ná an ní nǹkan, ohun tí kò lè ṣe rárá. Fún Dracula ti ìwé, ó lè rí báyìí:

*Ó lè já ilẹ̀kùn onígi lọ́wọ́ kan, ó sì lè gun ògiri bí alángbá. Ó lè di ìkùukùu lọ́sàn-án gangan, àmọ́ ibi tó bá wà nígbà tí ìṣẹ́jú yẹn kọjá ni yóò há sí nínú àwọ̀ tó bá gbé wọ̀. Kò lè kọjá ẹnu ọ̀nà ilé tí wọn ò pè é wọ̀ rí, ì báà jẹ́ pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu.*

Ìlà àárín yẹn ni iṣẹ́ wà. Apá kan nínú rẹ̀ kò sí nínú ìwé, èmi ló fi kún un, ẹgbẹ́ tó bá sì kọ̀ ọ́ lè yọ ọ́. Wọ́n máa ń ní ẹ̀wù àgbàwọ̀, bí kò bá fún ni lápá, á so ni lọ́rùn. Kò sí ẹ̀dá àyálò tó máa bá ìtàn yín mu láìjẹ́ pé ẹ rán an níbì kan. Ẹ ṣáà jẹ́ kí gbogbo yín rí ibi tí ẹ rán.

Nǹkan kan wà tí ẹ lè mú nínú eré onínọ́ńbà láìta dáìsì. Fate Core, tó jáde lọ́dún 2013, kì í ya agbára sọ́tọ̀ kúrò lára àìlera. Gbólóhùn kan náà ni wọ́n fi ń sọ méjèèjì. Bí gbólóhùn yẹn bá ran ẹ̀dá rẹ lọ́wọ́, wàá san àmì kan, ìyẹn owó inú eré náà. Bí ẹnìkan bá lò ó láti kó o sí wàhálà, tí o sì gbà, wọ́n á fún ọ ní àmì kan tí wàá lò lọ́jọ́ mìíràn. Bí o bá kọ̀, ìwọ lo máa sanwó ìkọ̀. Ẹ fi ìbínú Achilles sí i. Ìbínú yẹn ló mú un pa Hector, akọni ogun ọ̀tá, ìbínú yẹn náà ló mú un jókòó sínú àgọ́ tí Patroclus fi kú. Pẹ̀lú ìlànà yìí, ẹni tó ń sọ pé "kò bínú, ó rẹ́rìn-ín ni" á sanwó ẹ̀rín rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo ti rí tí wọ́n fi ń tọ́jú àìlera ọkàn, kò sí èyí tó ṣe gírí tó o.

Ta ló lẹ́nu ọ̀rọ̀?

Nígbà tí Robert Asprin kó àwọn òǹkọ̀wé jọ sínú ìlú àròsọ kan ṣoṣo fún àkójọ ìtàn àjọkọ Thieves' World, tí ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde lọ́dún 1979, òǹkọ̀wé kan lè lo ẹ̀dá-ìtàn ẹlòmíràn. Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe ni kó pa á, tàbí kó yí ìwà rẹ̀ padà tayọ ààlà, láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó dá a. Èmi ò tíì rí ààlà tó rọrùn láti rántí ju ìyẹn lọ.

Òdìkejì rẹ̀ ni kí gbogbo ẹgbẹ́ máa dìbò, tàbí kí adarí kan máa pàṣẹ. Ìbò máa ń fa ìtàn sẹ́yìn. Adarí ń yára, àmọ́ bó bá fẹ́ràn ẹ̀dá àyálò náà ju ti ẹ̀yin tó kù lọ, ẹ ti wọ gàù. Ohun tó dára ni kí ẹni tó mú ẹ̀dá wá máa sọ ohun tí ẹ̀dá rẹ̀ *gbìyànjú* láti ṣe, kí ẹni tó ni ẹ̀dá kejì sì sọ ohun tó *yọrí sí*. Ẹ wo irú ìran kan náà tí wọ́n kọ lọ́nà méjì. Mira ni ẹ̀ṣọ́ afárá, òǹkọ̀wé mìíràn ló ni ín. Ẹni tó mú Dracula wá ló ń kọ̀wé.

Àkọ́kọ́:

*Dracula dé ẹsẹ̀ afárá. Mira na kùmọ̀ sí i, kùmọ̀ ṣẹ́ sí méjì. Ó gbé Mira sókè, ó sọ ọ́ sínú odò. Kò sẹ́ni tó tún rí i mọ́.*

Èkejì:

*Odò ń ṣàn wàrà. Dracula dúró níbi tí pákó àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀, kò gbé ẹsẹ̀ lé e. Nígbà tí Mira na kùmọ̀, Dracula fi ọwọ́ kan gbá ẹnu kùmọ̀ mú, kò sì mì mọ́. "Mi ò kánjú," ó ní. "Kó tó di ààjìn, omi á dúró." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa kùmọ̀ náà díẹ̀díẹ̀.*

Agbára kò dín kù nínú èkejì. Ọwọ́ kan ló fi mú kùmọ̀ tí ẹ̀ṣọ́ kan fi gbogbo ara jù. Àìlera náà wà níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀: ẹsẹ̀ tí kò gbé lé pákó. Ẹni tó ni Mira wá ní nǹkan láti ṣe. Mira lè jọ̀wọ́ kùmọ̀, ó lè dì í mú kí wọ́n fà á kúrò lórí afárá, ó sì lè bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí ọkùnrin yìí ò kúkú gùn wá. Nínú ti àkọ́kọ́, odò ti di omi lásán, òǹkọ̀wé kan sì ti pàdánù ẹ̀dá rẹ̀ nígbà tí kò sí nílé.

Ìbéèrè Mira yẹn mú nǹkan mìíràn wá. Ẹ̀yin òǹkọ̀wé mọ ohun tí kò lè ṣe, torí ẹ ti kàwé; ṣé Mira mọ̀? Àwọn ẹgbẹ́ kan gbà pé gbogbo ará inú ìtàn ti mọ̀ ọ́n, àwọn mìíràn gbà pé wọ́n gbọ́dọ̀ wá a rí. Kí wọ́n wá a rí ló dáa jù. Nínú ìwé Stoker, ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́, lẹ́tà àti àgékù ìwé ìròyìn ni wọ́n tò pọ̀ kí ọ̀rọ̀ Dracula tó yé wọn, àárín ìwé náà sì kún fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òfin, ní ṣókí

Bí ẹ bá fẹ́ tẹ ìtàn yín jáde, ẹ̀dà tí ẹ yàn kan òfin pẹ̀lú. Ní Amẹ́ríkà, Mickey Mouse ti 1928 bọ́ sọ́wọ́ gbogbo ènìyàn ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, ẹ̀dà yẹn nìkan, kì í ṣe ohun tí wọ́n fi kún un lẹ́yìn náà. Iṣẹ́ ìgbà yẹn máa ń lo ọdún 95 lábẹ́ ẹ̀tọ́ ẹni tó ni ín níbẹ̀, nítorí náà Superman tó ń bẹ́ kò ní bọ́ kó tó di 2034, kryptonite á sì tún pẹ́ jù ú lọ. Dracula ti ìwé àti Achilles kò sí lábẹ́ ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Tí ẹ bá ti kọ ọ́ jìnnà kí ẹ tó rí i pé ìwé sọ nǹkan mìíràn

Èyí á ṣẹlẹ̀. Ní orí kẹrin, Dracula sọdá odò nígbà tí omi ń ṣàn, kò sẹ́ni tó kíyè sí i. Ní orí kẹsàn-án, ẹnìkan lọ ka ìwé náà, ó sì padà wá pẹ̀lú ẹ̀rí lọ́wọ́. Ẹ lè padà lọ tún orí kẹrin kọ, ẹ sì lè sọ pé nínú ìtàn tiyín, omi kì í dí i lọ́nà. Àtúnkọ máa ń da ohun tí àwọn mìíràn ti kọ́ lé orí kẹrin rú, ìkejì sì ti gba ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n lè fi mú un.

Èmi á fi orí kẹrin sílẹ̀ bó ṣe wà, òfin omi náà á sì dúró. Stoker sọ pé kò lè sọdá fúnra rẹ̀. Kò sọ pé wọn ò lè gbé e sọdá. Inú àpótí ló wà nígbà tí ọkọ̀ ojú omi gbé e dé England. Ẹnìkan ló gbé àpótí sọdá odò yín lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tó sì tún ṣí i ní òdìkejì. Ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá ní ẹ̀dá-ìtàn tí kò tíì rí iṣẹ́ ṣe ló ni orí yẹn.